Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè fi kẹ̀kẹ́ la ìgbèríko ilẹ̀ Faransé já láì pàdé mọ́tò?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kent ni mò ń gbé. Ọdún kejì rèé tí mọ́tò gbá mi lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru. Apá mi ti jinná, àyà mi ni kò tíì balẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn mi, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ti ra kẹ̀kẹ́ gravel (ti ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́), èyí tí hándù rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti àwọn asáré ṣùgbọ́n tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó 38 mm. Ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ sọ pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni òun fi gun kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Faransé láì rí mọ́tò. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń polówó ìrìn-àjò ni. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fún mi lóṣù kẹfà, ọkọ̀ ojú omi láti Portsmouth á sì gbé mi dé Saint-Malo. Mi ò fẹ́ rí mọ́tò. Ẹyọ kan péré, mi ò fẹ́. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n jókòó?

* * *

Ẹ lọ. Mo fi ìyẹn síwájú kí ẹ lè tètè mọ ibi tí mo dúró sí. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbé kẹ̀kẹ́ sọdá lọ́dọọdún, Bretagne, ẹkùn kan ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni mo sì ti lọ jù. Ẹlẹgbẹ́ yín kò parọ́, ọkọ yín náà kò sì jẹ̀bi tán. Ohun tó fa àríyànjiyàn wọn ni pé oríṣi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń pe méjèèjì ní nǹkan kan náà.

Èyí àkọ́kọ́ ni voie verte, "ọ̀nà aláwọ̀ ewé". Òfin ìrìnnà wọn ló sọ ohun tó jẹ́, láti ọdún 2004: ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun tí kò ní ẹ́ńjìnnì, fún ẹlẹ́sẹ̀, àti fún ẹni tó gun ẹṣin. Mọ́tò kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Èkejì ni véloroute. Ọ̀nà tí wọ́n kàn fi àmì tọ́ka sí fún oníkẹ̀kẹ́ ni ìyẹn. Ó lè jẹ́ voie verte fún ogún kìlómítà, kó wá já sórí títì kékeré tí katakata àti mọ́tò ará abúlé ń gbà, kó tún padà sí etí omi. Loire à Vélo tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, bí 900 km láti ìtòsí Nevers dé etí òkun, véloroute ni. Vélodyssée náà, láti Roscoff dé Hendaye, tó lé ní 1,200 km, bákan náà ni.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ, mi ò mọ ìyàtọ̀ yìí. Mo rí àmì kẹ̀kẹ́, mo tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí mo bá ara mi lórí títì tí kò ní etí rárá, nígbà ìkórè àgbàdo, tí katakata tó fa ọkọ̀ ńlá kún fún àgbàdo ń ré mi kọjá léraléra. Àwọn awakọ̀ náà kò hùwà burúkú sí mi o. Wọ́n yà fún mi dáadáa, òfin sì sọ pé kí wọ́n fi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá ń ré oníkẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá nítorí kó má baà gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kò ní fẹ́ gbọ́ àlàyé òfin.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ìwé ìrìn-àjò èyíkéyìí ni pé: mélòó nínú kìlómítà wọ̀nyí ló jẹ́ voie verte? Tí kò bá sọ ọ́, ẹ má gbà á gbọ́.

* * *

Ọ̀pọ̀ voie verte ló wà létí kánáálì, omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀. Èèyàn mẹ́ta ti fèsì pé etí kánáálì máa ń súni. Wọ́n ní ó tẹ́jú, ó gún, omi lápá òsì láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní òun sùn lọ lórí kẹ̀kẹ́ ní tòsí Agen.

Mo mọ ibi tó ń sọ. Kánáálì Garonne nìyẹn, 193 km láti Toulouse dé Castets-en-Dorthe, ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, àwọn apá kan sì wà níbẹ̀ tó gún bí okùn tí wọ́n fà. Bí afẹ́fẹ́ bá dojú kọ èèyàn níbẹ̀, ọjọ́ náà á gùn. Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe gbẹ́ gbogbo kánáálì nìyẹn. Ti Bretagne, láti Nantes dé Brest, ogun ló bí i. Nígbà ayé Napoléon, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dí etí òkun, ẹrù kò lè gba ojú òkun dé Brest níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn wà. Wọ́n wá ní àwọn á gba inú ilẹ̀. Dípò kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, odò tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ ni wọ́n tún ṣe, Oust, Blavet, Aulne, tí wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ tó wà láàárín wọn láti so wọ́n pọ̀. Ní Glomel, ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kó wá gbẹ́ kòtò ńlá tó la orí òkè kọjá. Ó lé ní 350 km, ilẹ̀kùn omi tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè sódò lé ní 230. Ọdún 1842 ni gbogbo rẹ̀ tó ṣí. Napoléon ti kú láti 1821, ogun tí wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ti di ìtàn.

Nítorí pé odò gidi ni, ó ń yí, ó ń kọ́. Ẹ kì í rí ohun tó wà níwájú ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Igbó á dé, pápá màlúù á dé, lójijì ilé olódi Josselin á yọ lókè omi pẹ̀lú ilé ìṣọ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ilé kékeré ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn omi wà ní ibi púpọ̀, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun kan sì tún wà tí àwọn mẹ́ta yìí kò rò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹni tí mọ́tò ti gbá, ohun tí wọ́n ń pè ní "súni" yẹn gan-an ló ń wá. Èmi náà ti fara gbá nínú ìlú rí, kò le tó ti arábìnrin wa yìí, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù ẹ̀yìn ni etí mi wà. Ọjọ́ kejì lẹ́bàá odò Oust ni mo ṣàkíyèsí pé mo ti gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta láì bojú wẹ̀yìn. Mo dúró, mo jókòó sórí koríko, mo kàn ń wo omi. Mi ò mọ irú ọ̀nà mìíràn tó lè ṣe ìyẹn fún èèyàn.

* * *

Ẹnì kan bèèrè ibi tí gbogbo ọ̀nà yìí ti wá. Ìdáhùn rẹ̀ wúlò fún ẹsẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Tí kì í bá ṣe etí omi, ojú irin ni. Ní 1879, Freycinet tó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ òde gbé ètò kalẹ̀ pé kí rélùwéè dé àwọn ìlú kéékèèké káàkiri. Wọ́n ṣe é, irin wọ inú àfonífojì, ó gun ẹ̀gbẹ́ òkè. Lẹ́yìn náà mọ́tò dé, èrò dín kù, wọ́n ti ọ̀pọ̀ rẹ̀ pa, wọ́n hú irin. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ fún irin kò lọ síbì kankan.

Ẹni tó bá ti rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin láti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun rí á yé e: rélùwéè kì í dojú kọ òkè, ńṣe ló ń yí i ká díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí voie verte tó jẹ́ ojú irin tẹ́lẹ̀ kì í ga ju èyí tí ẹsẹ̀ lè gbà lọ. Dolce Via ní Ardèche, bí 90 km nínú àfonífojì odò Eyrieux, òkè gíga ló yí i ká lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ mo bá bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún níbẹ̀ tó ń gùn ún lọ láì mí gúlegúle. Passa Païs náà wà ní Haut-Languedoc, láti Bédarieux dé Mazamet, ó ń gba ẹsẹ̀ òkè Caroux kọjá. Àwọn méjèèjì yìí, kì í ṣe ọ̀dà ló pọ̀ lórí wọn, ilẹ̀ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ni. Ẹ mú iná dání nítorí ihò abẹ́ òkè. Òkùnkùn ibẹ̀ máa ń bá èèyàn lójijì lẹ́yìn oòrùn.

Givry sí Cluny, ní Bourgogne, ni àwọn èèyàn ń dárúkọ jù torí pé òun ló ṣíwájú, ní 1997, 44 km. Ó dára, àgbègbè ọgbà àjàrà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí ẹ bá gbà á síwájú lọ sí ọ̀nà Mâcon, ihò Bois Clair wà níbẹ̀, ó lé ní kìlómítà kan àbọ̀, wọ́n sì máa ń tì í nígbà òtútù kí àwọn àdán lè sùn. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Orílẹ̀-èdè tó ti ọ̀nà nítorí àdán, ó yẹ ká kí wọn.

* * *

Ọ̀rọ̀ táyà ti di ìjà níbí, mo rí i. Ẹgbẹ́ kan ní 38 kéré, pé láìjẹ́ 45 kí èèyàn má kúrò nílé. Ẹgbẹ́ kejì ní táyà 28 àwọn ló gbà gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan tún ní ibi tí wọ́n bá ti da ọ̀dà sí kì í ṣe gravel, kí a yéé pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jà yìí, ilẹ̀ tí kálukú ń sọ yàtọ̀ síra. Etí kánáálì Bretagne jẹ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì pọ̀ tó fi le. Bí ó bá gbẹ, 38 tó, ó tiẹ̀ dùn. Kánáálì Midi yàtọ̀ pátápátá. Láti Toulouse, bí àádọ́ta kìlómítà àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀dà, tó fi dé Port-Lauragais. Lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀ lásán ni ní ibi púpọ̀, gbòǹgbò igi platane yọ síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó, ó ń gbo èèyàn láti ìdí dé eyín. Níbẹ̀, ẹ̀yin onítáyà 45 lẹ jàre. Igi yẹn gan-an ń kú lọ. Láti 2006 ni àrùn kan tí wọ́n ń pè ní chancre coloré ti wọ inú wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n sì ti gé. Ẹni tó ní àwòrán àtijọ́ lọ́kàn, tí òjìji bo omi láti òpin dé òpin, kó mọ̀ pé oòrùn gangan ló máa bá ní àwọn ibì kan báyìí. Riquet bẹ̀rẹ̀ kánáálì yẹn ní 1666, ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún kí wọ́n tó gbin èyí tó pọ̀ jù nínú igi náà, nítorí náà wọ́n lè tún òmíràn gbìn. Wọ́n ti ń gbìn ín. Ṣùgbọ́n òjìji kì í dé lọ́dún kan.

Afẹ́fẹ́ inú táyà ni mo rò pé ẹ yẹ kí ẹ máa jiyàn lé. Mo wọn kìlógíráàmù 85, ẹrù báàgì mi tó kìlógíráàmù mẹ́wàá, táyà 40 ni mo ń lò, mi ò sì kọjá 40 psi (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà). Mo rí àwọn tó fẹ́ ẹ dé 60 nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lórí títì London. Ọwọ́ wọn á kú tipiri kí ọ̀sán tó pọ́n.

Òjò ni kó máa bà yín lẹ́rù. Yanrìn tó dùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ kan, á di bí ẹ̀kọ tí wọ́n da eérú sí. Á lẹ̀ mọ́ ṣéènì, á wọ inú bíréèkì, á máa ha á bí ìfági. Mo ti jẹ páàdì bíréèkì tuntun tán láàárín ọjọ́ méjì láàárín Rohan àti Pontivy. Ẹ gbé páàdì méjì dání, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ nílé, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi nínú òjò. Ẹ fi omi ṣan ṣéènì lálaalẹ́, kí ẹ fi òróró díẹ̀ sí i.

Ní ti ẹni tó ní ọ̀dà kì í ṣe gravel: Tour de France 2024 lọ sórí òkúta funfun ní àyíká Troyes, apá ọ̀nà mẹ́rìnlá tó jẹ́ 32 km lápapọ̀, gbogbo ayé rí eruku. Ìyẹn dára. Bretagne ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Láti 1984 ni eré Tro-Bro Léon ti ń gba ọ̀nà oko tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ribinoù, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ta ọmọ Bretagne tó bá ṣíwájú lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ni gbogbo ìyẹn. Àgbẹ̀ ń wa katakata àti mọ́tò rẹ̀ lórí ẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ kì í lé mọ́tò dànù. Ìbéèrè arábìnrin wa sì rèé, mọ́tò ni kò fẹ́ rí, kì í ṣe ọ̀dà.

* * *

Èmi náà dàgbà lórí irú ilẹ̀ yìí. Raleigh bàbá mi, tí mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin àárín rẹ̀ gùn torí pé ẹsẹ̀ mi kò tíì dé orí ìjókòó, lórí yangí pupa láti ilé dé oko. Kò sí ẹni tó pè é ní gravel. Nígbà tí táyà mi kọ́kọ́ gun yanrìn etí Blavet, ìró tó jáde, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo dà. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

* * *

"Fóònù ti mú gbogbo rẹ̀ rọrùn, ẹ ní kó yan ọ̀nà tí kò ní mọ́tò fún yín, ó parí." Mo ti ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìjíròrò yìí. Mi ò gbà.

Fóònù mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Kò mọ ẹni tó ni ín. Ní ilẹ̀ Faransé, chemin rural jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ó ṣí fún ará ìlú. Ọ̀nà mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì lè jẹ́ ti olóko nìkan. Ìlà kan náà ni fóònù fi ya méjèèjì. Lọ́dún kẹta mi, ọ̀kan gbé mi la oko alikama kọjá, ó gbé mi dé àgbàlá ilé kan, ajá méjì jáde. Onílé jáde tẹ̀ lé wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́. Ó pe ajá rẹ̀ padà, ó ní èmi ni ẹnì kẹfà lọ́sẹ̀ yẹn, fóònù ló ń gbé gbogbo wa wá. Ó rẹ̀ ẹ́. Mo dá a láre. Ta ló fẹ́ kí àlejò máa gba ẹ̀yìnkùlé òun lójoojúmọ́?

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo ń gbé máàpù IGN, ti iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan. Ó ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà àti ipasẹ̀. Tí mo bá dé ibi tí wọ́n kọ "propriété privée" tàbí "chemin privé" sí, pé ilẹ̀ tàbí ọ̀nà aládàáni ni, mo yí padà, ì báà ṣe kìlómítà márùn-ún ni mo máa padà rìn.

Nínú igbó ìjọba, ọ̀pá tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà, mọ́tò ni wọ́n fi ń dá dúró, oníkẹ̀kẹ́ sábà máa ń kọjá. Òfin January 1991 ló lé ohun ẹlẹ́ńjìnnì kúrò nínú igbó àti pápá níbi tí kì í bá ti í ṣe ojú ọ̀nà tó ṣí fún ọkọ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ òfin yẹn, òun ló jẹ́ kí igbó wọn dákẹ́ rọ́rọ́.

Ohun méjì péré kí n tó kúrò lórí èyí. Ọ̀nà etí òkun Bretagne tí wọ́n ń pè ní GR34, ti ẹlẹ́sẹ̀ ni, ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ gùn ún bó ti wù kí fóònù bẹ̀ yín tó. Láti oṣù kẹsàn-án dé òpin oṣù kejì, ọdẹ wà nínú igbó pẹ̀lú ìbọn. Ẹ wọ aṣọ tó ń tàn, tí ẹ bá sì rí pátákó "chasse en cours", ẹ gba ibòmíràn. Oṣù kẹfà ni arábìnrin wa ń lọ, ìyẹn kò kàn án.

* * *

Àǹtí kan láti Leeds bèèrè ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń rò: báwo ni wọ́n ṣe ń wo èèyàn dúdú ní abúlé wọn?

Wọ́n á wò yín. Ní abúlé tí èèyàn rẹ̀ kò tó igba, àlejò ni àlejò. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́jọ, ẹnì kan wà nínú mọ́tò rẹ̀, ó bú mi ní ohun tí mi ò ní kọ síbí. Ó dùn mí, ó bà mí lọ́jọ́ jẹ́ títí di alẹ́. Orí títì ló ti ṣẹlẹ̀. Lórí voie verte, kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun tó ń ya èèyàn níbẹ̀, ìkíni ni. Nínú èyí, wọ́n sún mọ́ wa ju àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí à ń gbé láàárín wọn lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ wọ ilé búrẹ́dì kí ẹ kàn ní "mo fẹ́ búrẹ́dì". "Bonjour, madame" kọ́kọ́, ẹ dúró kó dáhùn, kí ẹ tó béèrè. Ẹni tó bá wọlé bá àgbà nílé wa tí kò kí i, ẹ mọ ojú tí wọ́n máa fi wò ó. Ojú yẹn gan-an ni mo rí ní Josselin lọ́jọ́ kan, nígbà tí ebi mú mi gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì mo padà, mo kí ìyá náà dáadáa, ó bá mi pọn omi kún ìgò mi méjèèjì láì jẹ́ pé mo bèèrè.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin Rennes, mò ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gbọ́ "ẹ kú ìrìn o" lẹ́yìn mi. Ìyá kan ni, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin. Ó gbọ́ Yorùbá mi láàárín èrò. A jọ jókòó títí ọkọ̀ rẹ̀ fi dé, èmi ń fi Gẹ̀ẹ́sì lú u, òun ń fi Faransé lú u, àwa méjèèjì gbọ́ ara wa yé.

Oúnjẹ: ilé búrẹ́dì púpọ̀ ní abúlé máa ń tì ní ọjọ́ Ajé, ṣọ́ọ̀bù á tì láti bí agogo méjìlá àbọ̀ dé méjì àbọ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kò sí nǹkan kan. Ẹ ra tọ̀la lónìí. Omi: itẹ́ òkú wọn máa ń ní ẹ̀rọ omi fún àwọn tó ń bu omi rin òdòdó. Mo mọ̀ pé ara àwọn kan nínú wa á kọ ọ́. Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ibẹ̀ ló ń bu omi níbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ "eau non potable" sí i, ẹ má mu ún.

* * *

Arábìnrin wa tún kọ̀wé: "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dáhùn. Ṣé ẹyọ mọ́tò kan náà kò ní sí?"

Yóò wà. Mi ò ní tàn yín. Voie verte máa ń gé títì kọjá, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí wọn. Irin tàbí igi wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé dábùú kí mọ́tò má baà wọlé, ó sì há fún kẹ̀kẹ́ tó gbé báàgì. Oníkẹ̀kẹ́ ló sábà gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ìṣẹ́jú kan ni, ojú yín ni ẹ fi ń rí mọ́tò náà, kò wá láti ẹ̀yìn. Mo rò pé ti ẹ̀yìn ni ẹ̀rù yín.

Àwọn kan níbí ń sọ pé kí ẹ pa Rennes tì nítorí pé ìlú ńlá ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ti máa ràn yín lọ́wọ́. Bí mo ṣe máa gbà á rèé, tí ó bá jẹ́ èmi.

Ní Saint-Malo, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ jáde ní ibùdókọ̀ ojú omi. Tírélà àti mọ́tò tó bá yín wá ló máa jáde pọ̀, ìyẹn gan-an ló burú jù nínú gbogbo ìrìn-àjò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ tán. Ẹ fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dé ẹsẹ̀ odi ìlú àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ń gbé èrò àti kẹ̀kẹ́ sọdá sí Dinard níbẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Láti Dinard, ojú irin àtijọ́ kan lọ tààrà sí Dinan, bí ogún kìlómítà, voie verte ni. Ẹ sùn ní Dinan. Ọ̀nà tó já sí èbúté odò ní ìsàlẹ̀, Rue du Jerzual, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ó dagun, ẹ fẹsẹ̀ sọ̀.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, kánáálì Ille-et-Rance dé Rennes, bí 85 km, láti 1832 ló ti wà. Ẹ pín in sí méjì ní ìtòsí Hédé, níbi tí ilẹ̀kùn omi 11 ti tò léra wọn bí àtẹ̀gùn. Ẹ jókòó síbẹ̀ jẹun ọ̀sán. Ní Rennes, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin TER lọ sí Redon, wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ gba etí odò Vilaine. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń já kúrò létí omi ní àwọn ibì kan, ẹ ò sì nílò ìyẹn lọ́dún yìí.

Láti Redon, Malestroit, Josselin, Rohan, Pontivy, bí 110 km, ọjọ́ méjì. Láàárín Rohan àti Pontivy ni àwọn ilẹ̀kùn omi ti pọ̀ jù, ọ̀kan kò tíì tán tí òmíràn á dé. Ẹ má gbìyànjú láti lọ sí ìwọ̀ oòrùn ju Pontivy lọ. Ìdènà omi Guerlédan tí wọ́n parí ní 1930 bo kánáálì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà tó yí adágún náà ká sì ga. Ọjọ́ kẹfà, ẹ gba etí Blavet sọ̀ kalẹ̀ sí Hennebont, bí 60 km, ìsọ̀kalẹ̀ ni jálẹ̀. Lọ́la rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin láti Lorient á dá yín padà sí Rennes, láti ibẹ̀ sí Saint-Malo. Tí ọjọ́ mẹ́fà yín bá ti ka ìpadàbọ̀ mọ́ ọn, ẹ dúró ní Josselin, kí ẹ padà sí Redon lọ wọkọ̀. Àbọ̀ Oust yẹn nìkan tó.

Tí ẹ bá fi máa wọ TGV, ọkọ̀ ojú irin asáré wọn, kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ tú u sínú báàgì tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 130 sí 90 lọ. TER ni kí ẹ wá.

Ẹ fi agogo sí kẹ̀kẹ́ yín, òfin wọn ni, àwọn arúgbó tó ń mú ajá jáde sì pọ̀ létí omi. Ẹ kọ̀wé sí wa láti Dinan ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ sùn ibẹ̀ lálẹ́ kejì, kí ẹ kàn máa lọ máa bọ̀ láti Dinan sí Évran létí omi. Kò sí ẹni tó ń lé yín.